Wọ́n Pàtẹ́wọ́ fún Fíìmù, Wọ́n Fìdí Rẹmi Nínú Tẹ́ẹ̀sì

Olùkọ́ kan kọ̀wé sí wa pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS2 ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní apá Òkè-Báálẹ̀, ní Òṣogbo níbí. Wọ́n sọ fún wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan pé ká máa fi àlọ́ àti fíìmù kọ́ ìṣirò kí ẹ̀rù rẹ̀ lè kúrò lára àwọn ọmọ. Mo yá pírójẹ́kítọ̀, mo fi Hidden Figures hàn wọ́n fún píríọ́dù mẹ́ta. Wọ́n pàtẹ́wọ́, omi bọ́ lójú àwọn kan. Mo sì máa ń fi àlọ́ Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Àmọ́ nígbà tí mo fún wọn ní tẹ́ẹ̀sì lórí HCF (nọ́ḿbà tó tóbi jù tó pín nọ́ḿbà méjì láìṣẹ́kù) àti fraction, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Ọ̀gá wa ti ń sọ pé mo ti sọ kíláàsì di ilé sinimá. Ṣé wọ́n tàn wá jẹ ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe? Ṣé kí n kúkú pa á tì?"

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó pírójẹ́kítọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ dì sínú ẹyọ kan: bóyá ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́, bóyá ohun tí ẹ lò ló kù díẹ̀ káàtó, àti bóyá ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín tọ̀nà. Mo kọ́ ìṣirò pẹ́ ní Òṣogbo yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó lẹ́yìn kíláàsì ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ń gbìyànjú irú nǹkan tí ẹ̀ ń gbìyànjú, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kò ṣàjèjì sí mi. Wọn ò tàn yín jẹ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún yín, wọn ò sì sọ bí yóò ṣe di odindi. Àbọ̀ tó kù rèé: ìtàn á mú kí ọmọ tẹ́tí, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ ọ ní ìṣirò, àfi tí ó bá jẹ́ irú ìtàn tí kò lè kúrò lójú kan láìjẹ́ pé ẹnìkan ṣírò nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo fíìmù tí ẹ lò. Fíìmù 2016 ni, ó dá lórí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe ìṣirò fún NASA, àjọ tó ń rán ènìyàn lọ sí òfuurufú ní Amẹ́ríkà. Katherine Johnson inú rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tún ìṣirò ìrìn-àjò John Glenn yẹ̀ wò kí ọkùnrin náà tó gbéra lọ yí ayé po ní ọjọ́ 20 oṣù kejì 1962. Ẹni ọdún 101 ni màmá náà nígbà tó kú ní 2020. Ìtàn tó gbayì ni, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè: lákòókò tí àwọn ọmọ yín ń wò ó, kí ni ọkàn wọn ń rò? Wọ́n ń rò nípa obìnrin tó ń sáré láti ilé kan dé òmíràn nítorí pé wọn ò jẹ́ kó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà nítòsí. Wọ́n ń rò bóyá wọn yóò gbà á wọlé sí ìpàdé. Ìṣirò tí wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀, Euler's method, ju JSS2 lọ fíìfíì, kò sì sẹ́ni tó dúró ṣàlàyé rẹ̀ lójú fíìmù dé ibi tí ọmọdé á fi tẹ̀ lé e. Ohun tí ọkàn bá jẹ lẹ́nu náà ló ń gbé mì. Ẹ bi wọ́n lónìí, wọ́n á ròyìn ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn fún yín látòkèdélẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní dárúkọ HCF, nítorí HCF ò sí níbẹ̀. Owó yín kò ṣòfò o. Ọmọbìnrin tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ìṣirò kì í ṣe tòun lè tibẹ̀ yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n ìgboyà lẹ kọ́ wọn lọ́jọ́ náà, fraction sì ni ẹ bi wọ́n nínú tẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Ní 1998, Shannon Harp àti Richard Mayer tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àkọsílẹ̀ kúkúrú tó ṣàlàyé bí mànàmáná ṣe ń wáyé. Nínú tàwọn kan, wọ́n fi ìtàn amóríyá há àárín rẹ̀, nípa àwọn tí mànàmáná ti kọlù. Àwọn tó ka èyí tí kò ní ìtàn ló rántí àlàyé jù, àwọn náà ló sì lè fi ohun tí wọ́n kà yanjú ìbéèrè tuntun jù. Ìtàn yẹn kò burú, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló wà, ó sì pe àwọn tó ń kà á kúrò lójú ọ̀nà. Bí àlọ́ Ìjàpá tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì bá ń parí pẹ̀lú ẹ̀rín, tí ẹ wá ní "ó yá, ẹ ṣí ìwé yín", ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń yẹ ìtàn wò kò le rárá. Mo máa ń yọ nọ́ḿbà inú rẹ̀ kúrò. Bí ìtàn náà bá ṣì dúró láìsí nọ́ḿbà, ẹ lò ó fún ẹ̀kọ́ ìwà, ẹ má lò ó fún ìṣirò. Bí ó bá wó lulẹ̀, ẹ ti rí ohun tí ẹ̀ ń wá. Ohun kejì ni pé kí ẹ dá ìtàn náà dúró níbi tó ti gbóná jù, ní kété tí nọ́ḿbà fẹ́ pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì kọ̀ láti sọ ìyókù. Àwọn àgbà tó ń pàlọ́ fún wa mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń dánu dúró kí á tó gbe orin ni ara wa ti máa ń wà lọ́nà jù.

Ẹ wo Ìjàpá tó lọ bá ọba pé òun á máa ṣọ́ oko fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ọba ní òun á fún un ní mílíọ̀nù kan náírà. Ìjàpá ní rárá o, kábíyèsí, náírà 1 péré lọ́jọ́ kìíní, 2 lọ́jọ́ kejì, 4 lọ́jọ́ kẹta, kí ẹ ṣáà máa sọ ọ́ di méjì lójoojúmọ́. Ẹ dúró níbẹ̀, kí kíláàsì dìbò: ta ló gọ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò rẹ̀ dé ọjọ́ kẹwàá, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 1,023, wọn á sì máa fi Ìjàpá ṣẹ̀sín. Nígbà tó bá fi máa di ogúnjọ́, ó ti di 1,048,575, ariwo á sọ. Lọ́gbọ̀n ọjọ́, 1,073,741,823 ni ọba jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ni kó ṣe ìlọ́po náà fúnra wọn. Tí ẹ bá pe èsì fún wọn, ẹ ti sọ ọ́ di àlọ́ lásán padà.

Ní ti HCF tó fún yín ní wàhálà, mo fẹ́ dúró lé e díẹ̀, nítorí mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ léraléra. Fíìmù kan wà, Die Hard with a Vengeance ti 1995, tí wọ́n ti ní kí ọkùnrin méjì gbé omi gálọ́ọ̀nù 4 gééré lé orí òṣùwọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́ǹbù á dún. Ìkòkò gálọ́ọ̀nù 5 àti ti 3 nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má fi fíìmù náà hàn wọ́n o, ìbọn àti èébú ló kún inú rẹ̀. Àdììtú inú rẹ̀ ni kí ẹ mú, kí ẹ gbé e wá sí Ọjà Ọba. Ìyá elépo kan ní kẹ́ẹ̀gì méjì, ọ̀kan gba líta 5, èkejì gba líta 3, kò sí àmì kankan lára wọn, dúróòmù epo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà kan dé, líta 4 ló fẹ́, kò sì gba fojú-díwọ̀n rárá, torí wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ rí. Ẹ dúró. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì méjì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan síwájú kíláàsì, kí ẹ sì dákẹ́.

Ẹni tó máa kọ́kọ́ jáde á bu 5 kún, á wá rọra tẹ kẹ́ẹ̀gì, á máa yọjú wo ẹnu rẹ̀, á máa dà á ṣín-ín-ṣín-ín. Àwọn tó jókòó á pariwo pé fojú-díwọ̀n nìyẹn. Ẹlòmíì á da 5 sínú 3, ó ku 2, á sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà, omi ti ta sí i ní sòkòtò. Ẹ má ràn án lọ́wọ́. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi pariwo láti ẹ̀yìn pé kó da 3 nù, kó gbé 2 náà sínú rẹ̀. Àyè líta 1 ló kù nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré. Ó tún bu 5 kún, ó fi dí àyè náà, 4 ló kù sílẹ̀. Nísinsìnyí ni kí ẹ mú ṣọ́ọ̀kì: ẹ bu 5 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ 3 lẹ́ẹ̀mejì, 10 − 6 = 4. Ọmọ kan tí orí rẹ̀ pé á ní òun lè bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ́ẹ̀gì kékeré, òótọ́ ló sì sọ: ẹ bu 3 lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ yọ 5 lẹ́ẹ̀kan, 9 − 5 = 4.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kẹ́ẹ̀gì ìyá elépo ti yí padà, líta 6 àti líta 4 ni báyìí, oníbàárà sì fẹ́ líta 5. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jìyà díẹ̀. Wọ́n á rí 2, wọ́n á rí 4, wọ́n á rí 6, wọn ò ní rí 5 láéláé. Ẹ bi wọ́n pé kí ló fà á. Ẹnìkan á ṣàkíyèsí pé ohun tó ṣeé pín sí méjì nìkan ló ń jáde. Ẹ tún bi wọ́n: kí nìdí? Nítorí pé 6 àti 4 ti ṣeé pín sí méjì láti ilé wá, bí ẹ ṣe wù kí ẹ rò ó pọ̀ tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára ara wọn, ohun tó máa kù náà á ṣeé pín sí méjì. Kẹ́ẹ̀gì 9 àti 6 ńkọ́? 3 àti ìlọ́po rẹ̀ nìkan. Èwo ni ti 5 àti 3 tó fi lè rí 4, tó lè rí 1, tó lè rí gbogbo rẹ̀? Nọ́ḿbà tó tóbi jù tó pín 5 àti 3 dọ́gba ni 1. Ìgbà náà ni kí ẹ tó kọ HCF sí ojú pátákó. Tẹ́lẹ̀, HCF lójú wọn kò ju kí wọ́n fa ìlà, kí wọ́n máa fi 2 àti 3 pín nọ́ḿbà lọ sísàlẹ̀, láìmọ ohun tí wọ́n ń wá. Báyìí wọ́n mọ ohun tó ń sọ: ó ń sọ ohun tó ṣeé wọ̀n fún ìyá elépo àti èyí tí kò ṣeé ṣe.

Fún fraction, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí ìtàn. Àwọn fíìmù Yorùbá tí àwọn ọmọ yín ń wò nílé, èwo ni wọn ò ti jà sí ogún nínú rẹ̀? Ẹ kó wọn dé ibi tí mọ̀lẹ́bí ti péjọ sí pálọ̀, kí ẹ dá a dúró. Bàbá fi pùlọ́ọ̀tì ilẹ̀ 18 sílẹ̀, ìyàwó 3. Ìyálé bí ọmọ 1, ìyàwó kejì bí 2, ìyàwó kẹta bí 3. Ẹ̀gbọ́n bàbá ní kí wọ́n pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ní iye ìyàwó, ẹlòmíì ní orí-ò-jorí ni, ìyẹn ní iye ọmọ. Ẹ pín kíláàsì sí ojúlé mẹ́ta, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan ṣírò ohun tó máa kàn án kó tó la ẹnu. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ojúlé kọ̀ọ̀kan gba 6: ọmọ ìyálé mú gbogbo 6, ọmọ ìyàwó kejì mú 3 ẹnìkọ̀ọ̀kan, ọmọ ìyàwó kẹta mú 2. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, 3 ni fún kálukú. Ọmọ ìyálé á faraya, ojúlé kẹta á máa yọ̀, àárín ariwo yẹn sì ni ẹnìkan nínú ojúlé kejì á ti rí i pé ọ̀nà méjèèjì, 3 náà ni tiwọn, kò sóhun tó kàn wọ́n nínú ìjà náà. Mo fẹ́ràn ìgbà yẹn púpọ̀. Ẹ wá kọ ọ́: ọmọ ìyàwó kẹta gba ìdá mẹ́ta inú ìdá mẹ́ta, ìyẹn 1/9, ní ìdí-igi, ó gba 1/6 ní orí-ò-jorí, èwo ló tóbi jù? Ọmọ tó máa ń sọ pé 1/9 ju 1/6 lọ torí pé 9 ju 6 lọ kò ní sọ bẹ́ẹ̀ níbi tí ilẹ̀ rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ní eré lẹ̀ ń ṣe, ẹ sọ fún wọn pé irú ẹjọ́ yìí gan-an, ti Dawodu àti Danmole, dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, ní 1962, ìdí-igi ló sì lékè.

Fíìmù gan-an ní ibi tó ti wúlò jù tí àwọn ènìyàn kì í sábà lò ó sí, ìyẹn ni ibi tó bá ti ṣì í. Nínú The Wizard of Oz ti 1939, aṣọ́ko tí wọ́n fi koríko ṣe gba ìwé ẹ̀rí pé òun ti di ọlọ́gbọ́n, ló bá ń ka òfin kan bí ẹyẹ ayékòótọ́: pé nínú triangle tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì dọ́gba, tí a bá ro square root ẹ̀gbẹ́ méjì èyíkéyìí pọ̀, á jẹ́ square root ẹ̀gbẹ́ tó kù. Ó jọ òfin Pythagoras létí, kì í ṣe òun. Ìṣẹ́jú kan kò ní kọjá lórí fóònù yín. Ẹ gbé e fún àwọn tó ti mọ Pythagoras, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ 9, 9 àti 4 dán an wò: 3 àti 3 jẹ́ 6, square root 4 sì jẹ́ 2. Kò sí ọmọ tí kò fẹ́ràn kó mú àgbà ní irọ́.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ Òṣogbo la wà, ẹnìkan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lo Ifá, ó sì tọ̀nà ní ti ìṣirò: ẹsẹ̀ méjì ni odù ní, ojú mẹ́rin lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ tàbí méjì, nítorí náà 2×2×2×2 jẹ́ 16, 16×16 sì jẹ́ 256. Kò sí àpẹẹrẹ indices tó dùn tó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ àwọn òbí àwọn ọmọ yín. Bí ó bá máa di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní ìpàdé PTA, ọmọ ayò 48 nínú ihò 12 wà níbẹ̀ tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ibi tí agbára ọ̀nà yìí mọ náà wà. Ọmọ tí kò mọ 7×8 lórí ahọ́n á rì sínú ìtàn kí ó tó dé ibi ọgbọ́n. Ìyẹn kò nílò ìtàn, àkọ́sórí ló nílò, ojoojúmọ́ sì ni. Títú brackets àti gbígbé nọ́ḿbà kọjá sódì kejì equation, mi ò tíì rí ìtàn tó ṣe é ju iṣẹ́ ọwọ́ lásán lọ, àwọn tí mo gbọ́ ń fipá wọ aṣọ fún un ni. Kẹ́ẹ̀gì á jẹ píríọ́dù kan tán. Bí ọmọ yín bá tó 70, àwọn tó wà níwájú nìkan ló máa fọwọ́ kan omi, àyàfi tí ẹ bá ní kí wọ́n mú ike ọrẹ́ńjì àti ike omi wá láti ilé. Èyí tó sì máa ń ká mi lára jù ni ọmọ tó yanjú ti ìyá elépo wìtìwìtì, tí ẹ bá wá kọ "Find the HCF of 18 and 24" fún un, tó máa wò yín bí ẹni pé èdè mìíràn lẹ̀ ń sọ. Kò mọ̀ pé ohun kan náà ni. Nítorí náà, lẹ́yìn ìtàn kọ̀ọ̀kan, píríọ́dù tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ jẹ́ ti nọ́ḿbà lásán, láìsí epo, láìsí Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n máa bá pàdé nínú BECE, ìdánwò ìparí JSS3. Bí ẹ bá fo èyí, tẹ́ẹ̀sì yín á tún rí bákan náà.

Ní ti ọ̀gá yín, fún píríọ́dù mẹ́ta yẹn, mi ò lè sọ pé ó jẹ̀bi. Ẹ má bá a jiyàn. Bí ẹ bá ń kọ́ JSS2A àti JSS2B, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì kọ́ A ní HCF, kí ẹ kọ́ B bí ẹ ṣe máa ń kọ́ ọ, iye píríọ́dù kan náà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, láìkìlọ̀ fún wọn, ẹ fún wọn ní ìbéèrè mẹ́wàá kan náà, nọ́ḿbà lásán ni kí mẹ́jọ nínú rẹ̀ jẹ́. Tó bá kan fraction, ẹ yí i padà: B ló máa pín ogún, A á ka ìwé, kó má baà jẹ́ pé kíláàsì tó já fáfá ló ń tàn yín. Ẹ kó ìwé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹ padà sí ṣọ́ọ̀kì yín, kí ẹ fi fíìmù sí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn táàmù. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ bèèrè kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀.